Bí VirtualBox Bá Kọ̀ Lẹ́yìn Ìmúdójúìwọ̀n

Ẹ fi VirtualBox tuntun sórí kọ̀ǹpútà Linux yín, ẹ tẹ Start, kò dáhùn. Àṣìṣe tó yọ ń dárúkọ vboxdrv. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pa ohunkóhun rẹ́! Inú fáìlì VDI, tó jẹ́ díìsìkì ẹ̀rọ inú VirtualBox, ni iṣẹ́ yín wà, àṣìṣe yìí kì í sì í fọwọ́ kàn án.

vboxdrv ni driver tó so VirtualBox mọ́ kernel, ọkàn Linux. Bí kernel bá ti yí padà, àfi kí ẹ tún vboxdrv ṣe: ẹ ṣí Terminal, kí ẹ tẹ sudo /sbin/vboxconfig. Àṣẹ yìí kò ní ṣiṣẹ́ bí kernel headers kò bá sí níbẹ̀. Secure Boot náà lè dí i lọ́nà, torí kì í gba driver tí kò ní àmì ìfọwọ́sí.

Lọ́jọ́ iwájú, kí ẹ tó ṣe ìmúdójúìwọ̀n, ẹ pa ẹ̀rọ inú VirtualBox pátápátá. Ẹ má fi í sí Saved State.