ÀLEJÒ TÓ Ń ṢIṢẸ́ NÍ KÒRÍÀ: ARA RẸ̀ KÌ Í ṢE Ẹ̀RỌ

Bíbélì kíkà: Ẹ́kísódù 23:12, Diutarónómì 24:14-15, Orin Dáfídì 127:2

 

Bí a bá dárúkọ Kòríà láàárín àwa onígbàgbọ́, àdúrà ló máa ń kọ́kọ́ wá sí ọ̀pọ̀ wa lọ́kàn. A mọ orúkọ Pásítọ̀ David Yonggi Cho, tí òun àti Choi Ja-shil, ìyá ìyàwó rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ìjọ tí a wá mọ̀ sí Yoido Full Gospel ní Seoul ní ọdún 1958, tó sì sùn nínú Olúwa ní 2021. A ti gbọ́ nípa òkè àdúrà wọn, a sì ti gbọ́ nípa àdúrà ìdájí wọn. Àwọn ọmọ wa ní tiwọn mọ Kòríà nípa fíìmù àti orin. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nípa ilẹ̀ náà tí a kì í sábà sọ nínú ìjọ, ìyẹn ni iye wákàtí tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Òun ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, nítorí àwọn ọmọ wa tó gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ìjọba Kòríà lọ síbẹ̀, tí àwọn kan nínú wọn parí ẹ̀kọ́ tí wọ́n sì wọ iṣẹ́ ọ́fíìsì níbẹ̀, àti nítorí àwọn tó ń múra àtilọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bọ̀wọ̀ fún ẹni tí ọ̀wọ̀ yẹ. Nígbà tí ogun wọn dáwọ́ dúró ní 1953, ilẹ̀ náà ti bàjẹ́, ìṣẹ́ sì pọ̀. Kò ju bí ogójì ọdún lọ lẹ́yìn náà tí wọ́n fi ń ṣe ọkọ̀ òkun, mọ́tò àti tẹlifíṣọ̀n tà fún gbogbo ayé. Ní 1996, wọ́n wọ OECD, ẹgbẹ́ tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè olówó wà nínú rẹ̀. Òógùn ojú wọn ni wọ́n fi ṣe é. Nítorí náà, n kò wá wàásù ọ̀lẹ fún yín. Ṣùgbọ́n ohun tí kò bá ti ní ìwọ̀n, bó ti wù kó dára tó, yóò pa ẹni tó ń ṣe é lára.

Ẹ wo ìṣirò yìí. Ní 2022, OECD sọ pé òṣìṣẹ́ kan ní Kòríà ṣe iṣẹ́ wákàtí 1,901 láàárín ọdún. Ìpíndọ́gba fún gbogbo ẹgbẹ́ náà jẹ́ 1,752. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ wákàtí 149. Bí a bá ka wákàtí mẹ́jọ sí ọjọ́ iṣẹ́ kan, ó lé ní ọjọ́ 18 tí ẹni yẹn fi ṣiṣẹ́ ju ẹlòmíì lọ nínú ọdún kan ṣoṣo. Ó sì ti dín kù nìyẹn o, nítorí iye náà ju 2,000 lọ láyé ìgbà kan.

ÒFIN WÀ

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ilẹ̀ náà kò ní òfin. Ó ní. Wákàtí 40 ni òfin wọn fi sí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan. Ófátáìmù kò gbọdọ̀ ju 12 lọ, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 52. Kó tó di 2018, bí ìjọba ṣe ń túmọ̀ òfin náà ni pé iṣẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ dá dúró lọ́tọ̀, èèyàn sì lè ṣe tó wákàtí 68. Ní oṣù Kejì 2018, àwọn aṣòfin dí ihò yẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje ọdún náà fún àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó ní òṣìṣẹ́ 300 sókè, ó sì kan àwọn tó ní òṣìṣẹ́ márùn-ún sókè ní oṣù Keje 2021. Ní oṣù Kẹta 2023, ìjọba dá a lábàá pé kí ọ̀sẹ̀ tí iṣẹ́ bá pọ̀ lè tó wákàtí 69. Àwọn ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ fárígá, ìjọba sì fà sẹ́yìn.

Òfin náà tún sọ pé a kò gbọdọ̀ ṣe ojúsàájú sí òṣìṣẹ́ nítorí orílẹ̀-èdè rẹ̀ tàbí ẹ̀sìn rẹ̀. Ẹni tó bá ṣe wákàtí mẹ́jọ gbọ́dọ̀ ní ìsinmi wákàtí kan láàárín. Ọjọ́ ìsinmi kan wà lọ́sẹ̀ tí a máa san owó rẹ̀. Owó ófátáìmù gbọ́dọ̀ fi ìdajì ju owó wákàtí lásán lọ, bí iṣẹ́ bá sì wọ aago mẹ́wàá alẹ́ sí mẹ́fà àárọ̀, ìdajì mìíràn tún wà lórí rẹ̀. Bí owó wákàtí kan bá jẹ́ 12,000 wọ́ọ̀nù, ti ófátáìmù jẹ́ 18,000, ti ófátáìmù òru jẹ́ 24,000. Ṣùgbọ́n kí ẹ mọ̀ pé òfin ìwọ̀n wákàtí àti owó ófátáìmù yìí kò kan ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó márùn-ún. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ oko, ẹran ọ̀sìn àti ẹja pípa náà kò sí lábẹ́ ìwọ̀n wákàtí yẹn. Ẹni tó bá ń wá iṣẹ́ níbẹ̀, kó béèrè kó tó fọwọ́ sí ìwé.

ÀṢÀ NÁÀ WÀ

Ara ògiri ni òfin wà, àárín èèyàn ni àṣà ń gbé. Ní ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì níbẹ̀, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni iṣẹ́ parí lórí ìwé. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá kò bá tíì dìde, ta ni yóò kọ́kọ́ dìde? Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan, nunchi, tó túmọ̀ sí kéèyàn máa wo ojú àti ìṣesí ẹlòmíì kó sì mọ ohun tó fẹ́ láìjẹ́ pé ó sọ ọ́. Ìwà ọmọlúàbí ni, àwa Yorùbá náà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n nínú ọ́fíìsì, òun náà ló ń so èèyàn mọ́ àga títí di aago mẹ́wàá alẹ́. Àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń pa kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ nígbà tí aago bá lù. Ó dára. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ a máa tẹ̀lé èèyàn délé lórí fóònù, nípa àtẹ̀jíṣẹ́ KakaoTalk.

Lẹ́yìn iṣẹ́, hoesik tún wà. Oúnjẹ alẹ́ ilé iṣẹ́ ni, ọtí sì máa ń wà níbẹ̀. Ọ̀gá ló pè é, ó ṣòro láti kọ̀. Láti oṣù Keje 2019 ni òfin ti de ìfìyàjẹni níbi iṣẹ́, fífi ipá mú èèyàn mutí sì wà lára ohun tí a kà sí ìfìyàjẹni. Kí ọmọ onígbàgbọ́ mọ èyí, kó lè fi ọ̀wọ̀ àti ìgboyà sọ pé, "Ẹ ṣé, ọ̀gá mi, omi ni màá mu."

Èyí tó tún fara sin jùlọ ni àdéhùn owó oṣù tí wọ́n ń pè ní pogwal imgeum. Wọ́n á ti ka owó ófátáìmù mọ́ owó oṣù látilẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ kò bá ka ìwé náà dáadáa, yóò máa rò pé owó oṣù òun pọ̀, kò mọ̀ pé wọ́n ti ra ìrọ̀lẹ́ òun sínú rẹ̀.

Báwo wá ni ti àlejò? Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Físà rẹ̀ so mọ́ iṣẹ́ tó ń ṣe. Ọmọ Kòríà lè bínú kúrò níbi iṣẹ́ lónìí kó padà sílé ìyá rẹ̀. Bí àlejò bá bínú kúrò, ìwé ìgbélùú rẹ̀ wà nínú ewu. Èdè tún le, ìwé àdéhùn sì lè jẹ́ èdè Kòríà pátápátá. Kì í sì ṣe àwa aláwọ̀ dúdú nìkan ló ń rí i. Ọ̀gá ará Faransé kan, Eric Surdej, tó lo bí ọdún mẹ́wàá nínú ilé iṣẹ́ ńlá Kòríà kan, kọ odidi ìwé jáde ní 2015 nípa bí iṣẹ́ ibẹ̀ ṣe gbóná tó. Bí ọ̀gá bá lè sọ bẹ́ẹ̀, kí ni ọmọ iṣẹ́ yóò wí?

OHUN TÓ Ń ṢE ARA

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀sẹ̀ kan. Ọmọ yín wọlé ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ó jáde ní mẹ́wàá alẹ́. Ẹ yọ wákàtí kan fún oúnjẹ ọ̀sán, ẹ yọ ààbọ̀ wákàtí fún ti alẹ́. Ó ku mọ́kànlá àbọ̀. Ní ọjọ́ márùn-ún, ó di wákàtí 57 àbọ̀. Ó ti ré òfin kọjá, a kò sì tíì ka ọkọ̀ tó wọ̀ lọ àti bọ̀.

Ní 2021, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, àti àjọ òṣìṣẹ́ àgbáyé, ILO, kéde ohun tí wọ́n rí: ẹni tó ń ṣe wákàtí 55 sókè lọ́sẹ̀, ewu rọpárọsẹ̀ fi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ga fún un ju ẹni tó ń ṣe 35 sí 40 lọ. Ewu kí àrùn ọkàn pa á sì fi ìdá 17 ga. Wọ́n ní èèyàn 745,000 ni èyí pa káàkiri ayé ní 2016. Àwọn ará Kòríà ní orúkọ fún irú ikú bẹ́ẹ̀: gwarosa, ikú àṣejù iṣẹ́. Bí rọpárọsẹ̀ tàbí àrùn ọkàn bá kọlu ẹni tó ti ń ṣe ju wákàtí 60 lọ lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjìlá, tàbí ju 64 lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, àjọ tó ń san owó ìtánràn fún òṣìṣẹ́ gbà pé iṣẹ́ lọ́wọ́ nínú rẹ̀ gan-an. Ìlera loògùn ọrọ̀, ẹ̀yin ará.

OHUN TÍ Ọ̀RỌ̀ ỌLỌ́RUN WÍ

Nígbà tí Ọlọ́run ń pàṣẹ ìsinmi nínú Ẹ́kísódù 23:12, kò pàṣẹ rẹ̀ fún onílé nìkan. Ó dárúkọ akọ màlúù, ó dárúkọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ó sì dárúkọ àlejò, kí ara lè tu òun náà. Nínú Diutarónómì 24, ó kìlọ̀ pé a kò gbọdọ̀ ni alágbàṣe lára, ìbáà jẹ́ arákùnrin ìbáà jẹ́ àlejò, kí oòrùn má sì wọ̀ bá owó rẹ̀ lọ́wọ́ wa. Kí ló dé tí Ọlọ́run fi ń dárúkọ àlejò léraléra? Nítorí òun ni kò ní ẹbí tí yóò gbèjà rẹ̀. Fáráò ló sọ fún àlejò pé ọ̀lẹ ni wọ́n nígbà tí wọ́n bẹ̀bẹ̀ fún àyè láti sin Ọlọ́run wọn. Ọlọ́run tiwa kì í ṣe Fáráò.

Kòríà fúnra rẹ̀ ní ẹlẹ́rìí. Ọ̀dọ́ onígbàgbọ́ kan wà tó ń jẹ́ Chun Tae-il, tó ń ṣiṣẹ́ aṣọ rírán ní ọjà Pyeonghwa ní Seoul. Ó rí àwọn ọmọdébìnrin tó ń ránṣọ láti òwúrọ̀ títí di òru nínú yàrá tí kò ní afẹ́fẹ́. Ó wá ìwé òfin iṣẹ́, ó kà á, ó kọ ẹ̀bẹ̀ sí ìjọba, wọn kò dá a lóhùn. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kọkànlá 1970, ó dáná sun ara rẹ̀, ó ń ké pé kí wọ́n tẹ̀lé òfin, pé èèyàn kì í ṣe ẹ̀rọ, pé kí wọ́n jẹ́ kí òṣìṣẹ́ sinmi ní ọjọ́ Ìsinmi. Ọmọ ọdún 22 ni. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: a kò ní kí ẹnikẹ́ni gba ẹ̀mí ara rẹ̀, ti Ọlọ́run ni ẹ̀mí. Ṣùgbọ́n igbe rẹ̀ tọ̀nà. Ìyá rẹ̀, Lee So-sun, gbé ọ̀rọ̀ náà láti ọjọ́ yẹn títí ó fi kú ní 2011, tí wọ́n fi ń pè é ní ìyá àwọn òṣìṣẹ́. Ìyá kan tí kò dákẹ́ ni.

KÍ NI KÁ ṢE?

Ìwọ ọmọ wa tó wà níbẹ̀, bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ṣe iṣẹ́ rẹ dáadáa. Ṣùgbọ́n máa kọ aago tí o wọlé àti aago tí o jáde sílẹ̀ lójoojúmọ́. Tọ́jú àtẹ̀jíṣẹ́ tí ọ̀gá fi ránṣẹ́ lóru, tọ́jú àkọsílẹ̀ káàdì ọkọ̀ rẹ, ẹlẹ́rìí ni wọ́n. Jẹ́ kí ẹni tó gbọ́ èdè bá ọ ka ìwé àdéhùn kí o tó fọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá jẹ ọ́ lówó, ọdún mẹ́ta lo ní láti béèrè rẹ̀, má ṣe jẹ́ kó kọjá. Nọ́ńbà 1350 ni ti ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, 1345 sì ni ti ìbéèrè nípa físà, wọ́n ń dáhùn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Wádìí ọ̀rọ̀ físà rẹ kí o tó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ kàn yín. Ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé ilé ni pàṣán ti ń wá, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ọ̀gá. Owó ilé, owó ayẹyẹ, owó ilé ìwé àbúrò, gbogbo rẹ̀ di orí ẹnì kan, òun náà sì ń fi òru rẹ̀ san án. Wákàtí mẹ́jọ ni Kòríà fi ṣáájú wa ní Nàìjíríà. Nígbà tí ẹ bá pè é ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, aago márùn-ún ìdájí ni lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ pè é ní ọ̀sán Sátidé. Kí ẹ tó béèrè owó, ẹ bi í pé, "Aago mélòó lo kúrò níbi iṣẹ́ lánàá? Ṣé o sùn?" Bó bá ní ó ti rẹ òun, ẹ má ṣe sọ fún un pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fara dà á.

Kí a sì wo ilé ara wa. Ọmọ tó ń bá wa ta ọjà láti aago méje àárọ̀ sí mẹ́sàn-án alẹ́, òun náà jẹ́ àlejò nínú ibodè wa. Ẹ jẹ́ ká fún un ní ìsinmi kí a tó bu ẹnu àtẹ́ lu Kòríà.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà. Olúwa, Ìwọ tó ń fi oorun fún olùfẹ́ rẹ, rántí àwọn ọmọ wa tí iná ọ́fíìsì ṣì ń tàn lé lórí ní òru yìí. Pa ọkàn àti ọpọlọ wọn mọ́. Fún wọn ní ẹnu láti sọ̀rọ̀, fún àwọn ọ̀gá wọn ní ọkàn ẹran, kí o sì fún àwa tó wà nílé ní sùúrù. Ní orúkọ Jésù. Àmín.