Àlejò Tí Ó Ríran: Ọ̀rọ̀ Lórí Sinimá «Ìhìnrere Gẹ́gẹ́ Bí Mátíù»

  

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, a péjọ sínú gbọ̀ngàn páríṣì, a sì wo sinimá kan tí Pier Paolo Pasolini, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, ṣe ní ọdún 1964. «Ìhìnrere gẹ́gẹ́ bí Mátíù» ni orúkọ rẹ̀. Bí a ti wò ó tán ni àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Jésù inú sinimá náà le jù, pé kò jọ ẹni jẹ́jẹ́ tí ó wà nínú àwòrán ara ògiri wa. Ìyá àgbà kan kò sọ ohunkóhun. Láti ìgbà tí wọ́n ti kan Olúwa mọ́ àgbélébùú ni ó ti ń sunkún. Lẹ́yìn náà ni ọ̀kan nínú àwọn kátíkísì wa dìde, tí ó béèrè pé: «Ǹjẹ́ òtítọ́ ni pé ẹni tí ó ṣe sinimá yìí kò gba Ọlọ́run gbọ́? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni ó kàn án nínú ọ̀rọ̀ Jésù, kí sì ni ó kan àwa nínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀?» Ìbéèrè yìí ni a fi lé wa lọ́wọ́ láti dáhùn ní òní.

Òtítọ́ ni, bàbá. Pasolini kì í ṣe onígbàgbọ́. Ẹ̀kọ́ Marx ni ó ń tẹ̀ lé, kò sì fi í pamọ́. Ní ọdún 1963, ilé ẹjọ́ ní Róòmù dá a lẹ́bi pé ó fi sinimá kúkúrú kan tàbùkù sí ẹ̀sìn. A sì mọ ìdí tí orúkọ Marx fi ń dun àwọn àgbà wa. Ẹ̀kọ́ yẹn ni ìjọba orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ gbé lárugẹ láti ọdún 1974 títí di 1989, a sì rántí bí ìjọba ti gba àwọn ilé ẹ̀kọ́ míṣọ́nnì nígbà náà. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí kò ṣe é bá wí bí ó bá sá fún okùn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá ọdún 1962, nígbà tí ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí Àpéjọ Vatican Kejì ṣí, Pápà Jòhánù Kẹtàlélógún lọ gbàdúrà ní ìlú Àsísì. Pasolini wà ní ìlú náà, àlejò ẹgbẹ́ Kátólíìkì kan ni. Èrò kún ojú ọ̀nà tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi rí ibi kọjá. Ó jókòó sínú yàrá rẹ̀, ó rí ìwé Ìhìnrere lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó sì kà á láìdúró. Láti inú ìwé kíkà yẹn ni sinimá náà ti jáde. Nígbà tí ó parí rẹ̀, Pápà náà ti kú ní oṣù kẹfà ọdún 1963, Pasolini sì ya iṣẹ́ náà sí ìrántí rẹ̀.

Inú Ìwé Mímọ́ ni ó ti mú ọ̀rọ̀ tí a gbọ́ lẹ́nu Jésù. Kò fi tirẹ̀ kún un. Kò wá òṣèré olókìkí. Àwọn àgbẹ̀ àti tálákà gúúsù Ítálì, ní agbègbè ìlú Matera, ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí a rí. Enrique Irazoqui, akẹ́kọ̀ọ́ kan láti ilẹ̀ Sípéènì, ni ó ṣe Jésù. Susanna, ìyá tí ó bí Pasolini, ni ó ṣe Màríà ní ìdí àgbélébùú. Ìyá yìí ti pàdánù ọmọ rẹ̀ Guido nínú ogun ní ọdún 1945. Kò sí ẹni tí ó sọ èyí fún ìyá wa tí ó sunkún nínú gbọ̀ngàn. Ìyá mọ ẹkún ìyá.

Nísinsin yìí, ẹ wo bí àwọn ènìyàn ti gba sinimá náà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1964, ní ìlú Fẹ̀nísì, àwọn kan dúró níta, wọ́n ń hó lé Pasolini lórí kí wọ́n tó rí iṣẹ́ náà rárá. Nígbà tí a fi í hàn tán, àtẹ́wọ́ ni wọ́n pa fún un. Àwọn adájọ́ fún un ní ẹ̀bùn pàtàkì, Àjọ Kátólíìkì Àgbáyé fún Sinimá náà sì fún un ní tirẹ̀. A fi í han ọ̀pọ̀ bíṣọ́ọ̀bù tí ó wà ní Róòmù fún Àpéjọ Vatican, wọ́n sì pàtẹ́wọ́. Ní ilẹ̀ Faransé, àwọn kan nínú àwọn ọmọlẹ́yìn Marx ni inú wọn kò dùn. Wọ́n rò pé ẹni tiwọn ti dalẹ̀. Ní Sípéènì, ìjọba Franco, tí ó ń pe ara rẹ̀ ní olùgbèjà ìgbàgbọ́, gba ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ Irazoqui nítorí pé ó bá Kómúníìsì ṣiṣẹ́. Ìjọba tí ó gbé àgbélébùú sókè fi ìyà jẹ ẹni tí ó ṣe Jésù!

Ẹ kò ha rí i pé sinimá kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n olúkúlùkù rí ohun tí ó wà nínú ọkàn rẹ̀? Ní ọdún 1995, Vatican fi í sínú sinimá márùndínláàádọ́ta tí ó yàn fún ọgọ́rùn-ún ọdún sinimá. Ìjọ tí a rò pé yóò ṣépè fún un ni ó súre fún un.

Àwọn àgbà wa máa ń wí pé àlejò ní ojú, kò fi ríran. Òtítọ́ ni nínú ọ̀rọ̀ ilé. Ṣùgbọ́n ẹ lọ ka Mátíù dáradára. Ta ni ó kọ́kọ́ wá foríbalẹ̀ fún Ọmọ náà? Àwọn amòye láti ìlà-oòrùn, nígbà tí àwọn akọ̀wé Jerúsálẹ́mù mọ orúkọ ìlú tí a ó ti bí i, tí wọn kò sì dìde. Ta ni Jésù yìn pé òun kò rí irú ìgbàgbọ́ rẹ̀ ní Ísírẹ́lì? Balógun ọ̀rún, ará Róòmù. Ta ni kò jẹ́ kí Olúwa lọ láìgbọ́ tirẹ̀? Obìnrin ará Kénáánì. Ta ni ó jẹ́wọ́ rẹ̀ ní ìdí àgbélébùú? Balógun ọ̀rún mìíràn àti àwọn tí ó wà pẹ̀lú rẹ̀. Nínú Ìhìnrere yìí, àlejò a máa ríran nígbà tí onílé ń sùn.

A kò sọ pé Pasolini di onígbàgbọ́. Òun fúnra rẹ̀ kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé ó tẹ́tí sílẹ̀. Ìwọ ọ̀dọ́ tí o ní Jésù yẹn le jù, ìwọ náà lọ ka orí kẹtàlélógún. Ọ̀rọ̀ Olúwa ni. Àwa tí a ń gbọ́ ọ lọ́jọ́ọjọ́ Ìsinmi ni a ti mú etí wa mọ́ ọn, tí kò fi gún wa mọ́.

Ohun kan kù. Nígbà tí òkúta yí kúrò lẹ́nu ibojì, ǹjẹ́ ẹ gbọ́ orin tí ó dún? Glória ti Míísà Lúbà ni, tí àwọn ọmọ àti olùkọ́ kọ ní Kamina, ní ilẹ̀ Kóńgò, lábẹ́ ìtọ́ni Fádà Guido Haazen, tí a sì gbà sílẹ̀ ní ọdún 1958. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ ilé Ọlọ́run wa ni ìlù kò tíì gbọdọ̀ wọ̀. Àwọn àgbà tí ó wà níhìn-ín jẹ́rìí. Nígbà tí aláìgbàgbọ́ yìí ń wá ohùn tí ó tó kéde Àjíǹde, ohùn àwọn ọmọ Áfíríkà ni ó fi kéde rẹ̀. Àlejò mọ iyì ohun tí ó wà lọ́wọ́ wa.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, ní ọdún júbílì yìí, ẹ jẹ́ kí a rántí pé àwọn kan ń wò wá bí àwa ti wo sinimá. Ọkọ tí kì í bá aya rẹ̀ wá sí Míísà, ọmọ tí ó ti kọ ẹ̀sìn sílẹ̀ ní Kútọnù, aládùúgbò tí ó ń bọ òrìṣà: gbogbo wọn ń wo Ìhìnrere gẹ́gẹ́ bí páríṣì wa. Bí wọ́n bá wá béèrè ìbéèrè, ẹ má ṣe lé wọn. Ó lè jẹ́ pé àwọn ni Olúwa fẹ́ fi jí wa.

Bàbá kátíkísì, ìdáhùn wa nìyí: ọ̀rọ̀ Jésù kàn án, nítorí pé Jésù kú fún òun náà. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì kàn wá, nítorí pé ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè.

Kí Màríà Wúndíá, ìyá tí ó dúró ní ìdí àgbélébùú, gbàdúrà fún wa. Àmín.