Ijó Ṣàngó àti Ọya fún Ẹgbẹ́ Titun

 

Bí ẹgbẹ́ òṣèré titun bá fẹ́ tún eré Ọba Kò So ṣe, kí ni kí wọ́n kọ́kọ́ wá? Ẹlòmíràn yóò ní ìwé eré ni. Ìwé dára, ṣùgbọ́n ìwé kò lè jó.

Ní Òṣogbo ni Dúró Ládípọ̀ ti kọ́kọ́ ṣe eré yìí ní 1963. Ní 1964 ó gbé e lọ sí Berlin ní Jámánì. Ní 1965 ó gbé e dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun ni Ṣàngó. Aya rẹ̀, Abíọ́dún, sì di Ọya lórí ìtàgé. Nígbà tí Ládípọ̀ kú ní 1978, eré náà kò bá a kú, nítorí pé aya rẹ̀, tí ijó náà wà lára rẹ̀, mú ẹgbẹ́ náà lọ síwájú.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí lọ́dọ̀ àwọn Òyìnbó. Paris ni wọ́n ti kọ́kọ́ jó Giselle, ijó báléè tí ó sọ nípa ìfẹ́, ní 1841. Ní 1934, Nicholas Sergeyev, ará Rọ́ṣíà, fi í kọ́ ẹgbẹ́ titun ti Vic-Wells ní London. Àkọsílẹ̀ ijó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ti jẹ́ oníjó rí ní Rọ́ṣíà.

Ní tiwa, ìlù ni olùkọ́. Ìyáàlù bàtá ń sọ̀rọ̀, omele ń gbè é. Ẹni tí ó bá ń ka ìṣísẹ̀ láìgbọ́ ohun tí ìlù wí, fífò ni ó ń fò, kò jó. Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ tó rán aṣọ, kí wọ́n lọ bá àgbà onílù àti àgbà oníjó.

Kí wọ́n sì mọ ìtàn inú ijó náà. Samuel Johnson, àlùfáà tí ó gbé ní Ọ̀yọ́, kọ ọ́ pé Ọya bá Ṣàngó jáde nílùú, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ já lọ́nà, ó sì yà sí Ìrá. Ọya kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ. Olólùfẹ́ tí yóò fi olólùfẹ́ sílẹ̀ ni. Bí ó bá ń jó sún mọ́ Ṣàngó, kí ojú wọn pàdé. Bí ó bá ń fà sẹ́yìn, kí a rí i pé ó dùn ún.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, àwọn tí ó mọ ijó wọ̀nyí ti ń darúgbó. Ẹ tọ̀ wọ́n lọ nísinsìnyí. Abéèrè kì í ṣìnà.