Ìrántí Kọ̀ǹpútà Tí Ọjọ́ Ti Lọ Lórí Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń gba orí kọ̀ǹpútà àtijọ́ kọjá. Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Àkúrẹ́, tí a dá sílẹ̀ ní 1981, àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Adéyẹmí ní Oǹdó, ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1963 tí ó sì ti di yunifásítì báyìí, ìyà kan náà ni yóò jẹ wọ́n bí ìgbéwọlé iṣẹ́ àṣekágbá bá kù sí ọ̀la tí kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ sì ń falẹ̀. Ìmọ̀ràn tí ó máa ń yá lẹ́nu àwọn ènìyàn ni pé kí a da ẹ̀rọ náà nù, kí a ra tuntun. Ìmọ̀ràn olówó nìyẹn. Olùkọ́ tí ń gba owó oṣù ní láti kọ́kọ́ mọ ohun tí ń dá ẹ̀rọ náà dúró, nítorí púpọ̀ nínú wọn kò bàjẹ́ rárá; àyè ni kò gbà wọ́n mọ́.

Ẹ wo ìyá aláṣọ kan ní Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́. Ó ní àtẹ níwájú, ó sì ní yàrá ìkẹ́rùsí lẹ́yìn. Aṣọ tí ó bá wà lórí àtẹ, kíá ni yóò nawọ́ mú un fún oníbàárà. Èyí tí ó bá wà ní yàrá, ó di dandan kí ó dìde, kí ó ṣílẹ̀kùn, kí ó tú ẹrù. Ìrántí kọ̀ǹpútà ni àtẹ yẹn; dísìkì ni yàrá. Nígbà tí àtẹ bá kún tí oníbàárà sì tún bèèrè òmíràn, ìyá yìí yóò ká aṣọ kan kúrò, yóò gbé e lọ sí yàrá, kí ó tó rí àyè tẹ́ èyí tí wọ́n bèèrè. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kọ̀ǹpútà ń ṣe. Ó ya apá kan sọ́tọ̀ lórí dísìkì fún ẹrù tí kò rí àyè lórí àtẹ. Òun ni Windows ń pè ní “paging file”.

Ìyàtọ̀ ààrin méjèèjì kì í ṣe kékeré. Ìrántí a máa dáhùn láàárín nǹkan bí ìdá kan nínú mílíọ̀nù 10 ìṣẹ́jú àáyá. Dísìkì tí ń yí a máa gbà tó ìdá kan nínú 100 rẹ̀. Ìlọ́po 100,000 nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ pé ìṣẹ́jú àáyá kan ni ìyá aláṣọ fi ń mú aṣọ lórí àtẹ, ìrìn yàrá ẹ̀yìn yóò gbà á ju wákàtí 27 lọ. Ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ rìn láti Àkúrẹ́ dé Oǹdó tí ó sì padà lè má lò tó bẹ́ẹ̀.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́. Kọ̀ǹpútà Atlas ti Yunifásítì Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń lò ó ní 1962. Ní 1968, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Peter Denning, ṣàlàyé àìsàn tí ń bá a rìn: bí iṣẹ́ bá pọ̀ ju àyè lọ, ẹ̀rọ yóò fi gbogbo àkókò rẹ̀ gbé ẹrù lọ gbé ẹrù bọ̀, kò sì ní í rí iṣẹ́ gidi ṣe. Iná kékeré tí ń ṣẹ́jú lemọ́lemọ́ lára àpótí kọ̀ǹpútà nígbà tí ohunkóhun kò yí padà lójú rẹ̀, àmì àìsàn náà ni.

A lè fi Windows XP, tí ó jáde ní 2001, ṣe àpẹẹrẹ. Àwọn tí ó ṣe é sọ pé mẹ́gábáìtì 64 ni ó kéré jù tí ó lè fi ṣiṣẹ́, pé 128 ni ó dára. Ìwọ̀n yẹn kò ka ètò ìdènà kòkòrò kọ̀ǹpútà, ètò ìtẹ̀wé àti ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì tí ó kún fún àwòrán mọ́ ọn.

Kí ènìyàn tó yí ohunkóhun padà, kí ó wọ̀n ọ́n ná. Bí a bá tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, Task Manager yóò jáde. Ní abẹ́ “Performance”, iye méjì ni ó ṣe pàtàkì: “Total” ti “Physical Memory”, tí í ṣe ìwọ̀n àtẹ, àti “Peak” ti “Commit Charge”, tí í ṣe àyè tí iṣẹ́ bèèrè jù lọ láti ìgbà tí a ti tan ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ tí ó ní mẹ́gábáìtì 512 yóò fi nǹkan bí 524,000 kílóbáìtì hàn. Bí “Peak” bá jẹ́ 800,000, ẹrù ti ju àtẹ lọ. Bí ó bá jẹ́ 300,000, ìrántí kọ́ ni ó fa ìfàsẹ́yìn. Kí a wá ibòmíràn wò.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ ni láti dín ẹrù kù. Nínú “msconfig”, ní abẹ́ “Startup”, ni a ti ń rí àwọn ètò tí ń jí pẹ̀lú ẹ̀rọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè wọ́n. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ “paging file”. Ọ̀nà rẹ̀ gba inú “My Computer”, “Properties”, “Advanced”, àti “Settings” ti “Performance” kọjá. Windows fúnra rẹ̀ a máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìlọ́po kan àbọ̀ ìrántí, kí ó tó dé ìlọ́po mẹ́ta: 768 sí 1,536 fún ẹ̀rọ tí ó ní 512. Bí àyè bá wà lórí dísìkì, ó sàn kí a kọ iye kan náà sí ibi méjèèjì, kí yàrá náà má baà máa fẹ̀ ní jálajàla káàkiri dísìkì. Bí dísìkì bá jẹ́ méjì, a lè gbé e sí èkejì. Ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ méjì ní tòótọ́, kì í ṣe ọ̀kan tí a pín sí C àti D.

Àwọn kan a máa gbani níyànjú pé kí a pa “paging file” rẹ́ pátápátá. Ewu ni. Bí àtẹ bá kún tí kò sì sí yàrá, ètò tí a ń lò lè kú lójijì, orí ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ kò tíì fi pamọ́ yóò sì bá a lọ. Àwọn ètò kéékèèké tí ń ṣèlérí pé àwọn yóò “tú ìrántí sílẹ̀” kò sàn jù bẹ́ẹ̀: ẹrù ni wọ́n ń fi ipá kó lọ sí dísìkì, kí iye òfìfo lè dára lójú, oníṣẹ́ yóò sì tún dúró kí wọ́n kó o padà.

Àtúntò kò lè sọ 512 di 1,024. Ẹni tí ó bá rí ìrántí tòkunbọ̀ tí ó bá ẹ̀rọ rẹ̀ mu rà ti ṣe ju gbogbo àtúntò lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé XP onípele 32 kò lè lò ju gígábáìtì 4 lọ. Ààbò sì tún jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀. Àtìlẹ́yìn fún XP parí ní ọjọ́ 8 oṣù kẹrin 2014. Ti Windows 7 parí ní oṣù kìíní 2020. Ti Windows 10 sì parí ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025. Nítorí náà, kọ̀ǹpútà XP tí a bá tún tò, kí a yọ ọ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí a fi í sílẹ̀ fún títẹ ìbéèrè ìdánwò àti ṣíṣe ìṣirò máàkì, kí a sì máa ṣe ẹ̀dà fáìlì rẹ̀ sí ibòmíràn ní ìrọ̀lẹ́ kí iná tó lọ.