Ikọ́ Ọmọ Òrukàn: Ẹ Jẹ́ Kí Á Bèèrè Nípa Alákàn Pẹ̀lú

Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé wa ní Kabba

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni. Ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá Ànábì Muhammad, ẹni tí òun náà jẹ́ ọmọ òrukàn.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn, bí ọmọ òrukàn bá ń wúkọ́, tí ẹ̀jẹ̀ sì wà nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀, kíá ni aládùúgbò yóò ti ní ikọ́ ife ni. Wọn a ya abọ́ rẹ̀ sọ́tọ̀. Ẹni tí ó gbà á tọ́ a bẹ̀rẹ̀ sí wá ibi tí yóò dá a padà sí. Ṣùgbọ́n aràn kan wà tí ń gbé inú ẹ̀dọ̀fóró, tí ikọ́ rẹ̀ jọ ikọ́ ife.

Inú alákàn odò tí kò jinná ni aràn náà ti ń wọ ara ènìyàn. Nígbà ogun abẹ́lé, 1967 sí 1970, ebi mú kí àwọn ènìyàn ní ìlà-oòrùn Nàìjíríà máa jẹ alákàn, àrùn náà sì tàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Chukwuedu Nwokolo kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìṣègùn Lancet ní 1972. Àwọn ọmọ tiwa náà ń mú alákàn lódò, wọ́n ń sun ún jẹ lóko.

Kí ni kí á ṣe? Ẹ kọ́kọ́ mú ọmọ lọ ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ife. Bí wọn kò bá rí i, tàbí tí oògùn rẹ̀ kò ran ikọ́ náà, ẹ sọ fún dókítà pé ọmọ ń jẹ alákàn. Wọn yóò wá ẹyin aràn nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Ọmọdé a máa gbé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mì, nítorí náà kí wọ́n yẹ ìgbẹ́ rẹ̀ wò pẹ̀lú. Praziquantel ni oògùn rẹ̀, fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Dókítà ni yóò wọn ọmọ kí ó tó sọ iye tí yóò lò. Oògùn ikọ́ ife tí à ń lò fún oṣù mẹ́fà kì í pa aràn yìí.

Alákàn kì í ṣe haramu lọ́dọ̀ àwa tí à ń tẹ̀lé Imaamu Malik. Ẹ ṣáà sè é kí ó jinná, kí ẹ sì fọ ọwọ́ àti ọ̀bẹ tí ẹ fi tún un ṣe.

Àwọn mẹ́jọ tí Zaka tọ́ sí wà nínú Suuratu Taoba, aaya 60. Ọmọ òrukàn tí kò ní nǹkan wà lára àwọn aláìní. Owó ọkọ̀ àti owó àyẹ̀wò ni ó máa ń dá alágbàtọ́ dúró. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá yọ ìdá kan nínú 40, ẹ rántí ọmọ tí ń wúkọ́ lóru. Kí ẹ sì tó ya abọ́ rẹ̀ sọ́tọ̀, ẹ kọ́kọ́ wá sọ fún wa.

Kí Ọlọ́hun gbà á ní iṣẹ́ rere lọ́wọ́ wa. Aamiin.