Wàrà Tí A Bomi Là

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń jáde lónìí, kí ẹ tó máa lọ, mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ ọmọbìnrin kan tó gbá họ́kì fún ilẹ̀ Íńdíà. Rani Rampal lorúkọ rẹ̀.

Shahabad ní ìpínlẹ̀ Haryana ni wọ́n bí i sí ní 1994. Kẹ̀kẹ́ ẹrù ni bàbá rẹ̀ ń fà jẹun, ìyá rẹ̀ ń bá àwọn ẹlòmíì ṣiṣẹ́ ilé. Wọn ò rí owó ọ̀pá họ́kì, nítorí náà ọ̀pá tó ti kán ni ọmọ fi bẹ̀rẹ̀. Kóòṣì wọn, Baldev Singh, ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan máa gbé ìdajì lítà wàrà wá sí pápá lójoojúmọ́, kí ara lè gba iṣẹ́. Agbára àwọn òbí Rani kò ju 200 mìlílítà lọ. Ọmọ náà bu omi là á, ó rọ ọ́ kún ìgò, ó sì gbé e lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ ní gbangba nígbà tó yá. Kò fẹ́ kí ọjọ́ kan kọjá kó má ṣeré.

Ẹ jẹ́ kí n dúró síbẹ̀ yẹn díẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ nínú yín: “Mà, bí owó fọ́ọ̀mù bá ti pé, màá bẹ̀rẹ̀.” “Mà, bí mo bá ti ní kọ̀ǹpútà.” Mo mọ̀ pé ẹ kì í ṣe ọ̀lẹ. Ojú ló ń tì yín, ẹ ò fẹ́ kí ẹgbẹ́ rí i pé ohun ọwọ́ yín kò pé. Rani náà ní ẹgbẹ́ tí tiwọn pé, àárín wọn ló gbé ìgò tirẹ̀ lọ.

Kò sì dá a ṣe. Kò sí aago nílé wọn. Ìyá rẹ̀ a máa ta jí lóru, a máa wo ojú ọ̀run, kó lè mọ ìgbà tí yóò jí ọmọ. Ẹ bojú wẹ̀yìn, ẹ wo ibi tí àwọn ìyá yín jókòó sí. Èwo nínú wọn ni kò tíì pa oorun tì nítorí yín?

Ọmọdé ni Rani nígbà tí wọ́n mú un wọ ẹgbẹ́ àgbà. Ní Ife Àgbáyé 2010 ní Rosario, ní Ajẹntínà, góòlù 7 ló gbá wọlé, kò sì tíì pé ọdún 16. Ní 2016, àwọn obìnrin Íńdíà padà sí Òlíńpíìkì lẹ́yìn ọdún 36, ó wà níbẹ̀.

Èyí tó wù mí jù ni ti Bhubaneswar, ní 2019. Ifẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì pẹ̀lú Amẹ́ríkà ni yóò sọ ẹni tí yóò lọ sí Òlíńpíìkì Tokyo. Íńdíà fi 5 sí 1 borí lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n tó sinmi, Amẹ́ríkà ti gbá 4 wọlé, gbogbo rẹ̀ di ọ̀mì. Ìdá kẹrin eré ni Rani, tó ti di balógun wọn, gbá góòlù kan ṣoṣo tó gbé wọn dé Tokyo.

Ní Tokyo, wọ́n pàdánù eré mẹ́ta àkọ́kọ́ léraléra. Wọ́n dìde, wọ́n na Ireland, wọ́n na South Africa, wọ́n sì lé Ọsirélíà jáde ní ìpele kò-mẹ́sẹ̀-ó-yọ. Níkẹyìn, Great Britain fi 4 sí 3 gba idẹ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ipò kẹrin, kò sí àmì-ẹ̀yẹ. Wọ́n sunkún lórí pápá. Lójú tèmi, iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe.

Rani fara pa lẹ́yìn náà, wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ẹgbẹ́, ó padà díẹ̀. Ní October 2024 ló fẹ̀yìn tì, pẹ̀lú eré 254. Àjọ họ́kì Íńdíà ní ẹnikẹ́ni kò ní wọ nọ́ńbà 28 rẹ̀ mọ́. Ó ti di kóòṣì báyìí.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ó dàbọ̀. Ẹni tí fọ́ọ̀mù rẹ̀ kò bá tíì parí nínú yín, ohun yòówù kó kù, kó gbé e wá bá mi ní ọ́fíìsì kó tó kúrò lọ́gbà lónìí. A ó jọ kọ ọ́.