Ẹ̀rọ Èémí Nínú Ẹrù Alálàájì

 

Ọ̀rọ̀ mi kan ẹ̀yin tí ẹ ń múra Hájì tí àìsàn ásímà ń yọ lẹ́nu. Àwọn kan ń sọ pé ẹni tí ó gbé òògùn lọ sí ilé Ọlọ́hun kò ní ìgbẹ́kẹ̀lé. Irọ́ ni. Súúrà Bákárà, áyà 195, kò fún wa láyè láti fi ẹ̀mí ara wa wewu.

Ẹ má ṣe kó ìnhélà sínú ẹrù ńlá tí ń lọ sí ikùn ọkọ̀ òfurufú. Èkó sí Jíddà tó nǹkan bíi wákàtí 5, kò sì sí bí ọwọ́ yín yóò ṣe tó o. Àpò ọwọ́ ni kí ó wà. Láti ọdún 2006, tí àṣírí àwọn tí ó fẹ́ fi ohun olómi fọ́ ọkọ̀ òfurufú tú ní Lọ́ńdọ̀nù, ni ọ̀pọ̀ pápá ọkọ̀ òfurufú kò ti gba ohun olómi tí ó ju mílílítà 100 lọ nínú àpò ọwọ́. Wọ́n yọ òògùn sílẹ̀ nínú òfin náà, ṣùgbọ́n ẹ fi hàn wọ́n kí wọ́n tó bi yín.

Ẹni tí ń fi ẹ̀rọ mí sùn lóru yóò yọ ọ́ síta kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ fi ọ̀rá mímọ́ wé e, nítorí inú abọ́ tí bàtà gbogbo ayé ti kọjá ni yóò wọ̀. Bátìrì àfikún rẹ̀ kò gbọdọ̀ sí nínú ẹrù ńlá, nítorí ó lè gbiná níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti rí i. Ní ti àgbá ọ́síjìn, ẹ má gbé e kúrò nílé láìgba àṣẹ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú.

Ẹ gba ìwé dókítà. Kí orúkọ inú rẹ̀ bá ti ìwé ìrìnnà mu. Ìyá Ràṣídì tí gbogbo àdúgbò mọ̀ kò sí nínú ìwé ìrìnnà. Ní Disẹ́ńbà 2018, wọ́n ti akẹ́kọ̀ọ́ kan, ọmọ Nàìjíríà tí ó lọ ṣe Ùmúrà, mọ́lé ní Saudi, nítorí pé àwọn ẹni ibi ní pápá ọkọ̀ òfurufú Kánò fi orúkọ rẹ̀ sí àpò tramadol. Ó di Éépírì 2019 kí ó tó gba òmìnira. Bí ti aláìmọwọ́mẹsẹ̀ bá rí báyìí, kí ni ẹni tí ó bá aládùúgbò gbé òògùn ikọ́ oníkodéènì yóò wí? Ìjọba wa pàápàá ti fi òfin de ṣíṣe é àti kíkó o wọlé láti 2018.

Àpò kékeré tí a dè mọ́ ìdí kò ba ìhúrámù jẹ́ lójú ọ̀pọ̀ onímọ̀. Inú rẹ̀ ni kí ìnhélà wà ní Àráfà àti Mínà, kí ẹni tí ẹ jọ ń rìn sì mọ ibi tí ó wà.